Ìwé Ìdánwò Tó Sọ Mí Di Ọ̀gá

Mo ti kọ ìwé ẹ̀sùn púpọ̀ láyé mi. Mo ti kọ ọ́ sí iléèwé tí wọ́n ti lé ọmọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà nítorí ìbọ̀sẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sí gáréèjì tí awakọ̀ ti kó èrò mẹ́rin sórí àga ẹni mẹ́ta láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo wọn ni mo kọ déètì sí, tí mo ka ohun tí wọ́n ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló wà nínú wọn tó jẹ́ pé èmi gan-an ni mo jèrè ohun tí mo ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Òun ni mo fẹ́ sọ.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá tí a ń tọ́jú káàdì àti fáìlì àwọn aláìsàn sí. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí. Ọkọ ló gbé mi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa mẹ́fà la wà nínú yàrá náà lábẹ́ ọ̀gá wa. Mo kàwé jáde ní yunifásítì, mo mọ kọ̀mpútà, mo sì mọ òfin iṣẹ́ wa látòkè délẹ̀. Ẹni tó pẹ́ jù níbẹ̀ ni bàbá kan tí gbogbo wa ń pè ní Ààfáà, nítorí pé ó máa ń kọ́ àwọn ọmọdé àdúgbò rẹ̀ ní kéwú ní ìrọ̀lẹ́. Kí n tó wọ iléèwé girama ló ti wà nínú yàrá yẹn.

Nígbà tí ọ̀gá wa fẹ́ fẹ̀yìn tì, ipò rẹ̀ ni mo fẹ́. N ò ní fi pamọ́. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo ti mọ ibi tí n ó yí tábìlì rẹ̀ kọ sí. Ènìyàn méjì péré ni ipò náà sì lè tọ́ sí: èmi àti Ààfáà.

Ọ̀nà tí Ààfáà gbà ń ṣiṣẹ́ máa ń bí mi nínú. Ó ní ìwé gbọọrọ kan, tí etí rẹ̀ ti gbó, tó máa ń gbé sí abẹ́ apá. Nọ́ńbà la fi ń to aláìsàn nínú yàrá wa. Òun, agboolé ló fi ń tò wọ́n sínú ìwé tirẹ̀. Agboolé báyìí, ìyàwó ọmọ wọn kẹta, ọdún tó kọ́kọ́ wá, nọ́ńbà fáìlì rẹ̀. Ó ní ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹbí kan lè pín sí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kí wọ́n sì máa jẹun nínú abọ́ kan náà. Obìnrin tó bá bá ìyá rẹ̀ wá lónìí á jẹ́ orúkọ tí ààfáà sọ ọ́. Tó bá bá ìyá ọkọ rẹ̀ wá lọ́dún tó ń bọ̀, á jẹ́ orúkọ ìtẹ̀bọmi. Ẹnì kan, fáìlì méjì. Èmi gbà pé ẹ̀bi aláìsàn nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀wé sí ọ̀gá wa nípa ìwé agboolé yẹn, pé kò bá òfin mu. Kò sì bá òfin mu lóòótọ́.

Dípò kí àwọn aláṣẹ fúnra wọn pinnu ẹni tó máa jọ̀gá, wọ́n pe ọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn. Kóòtù rẹ̀ mọ́, ẹnu bàtà rẹ̀ ṣóńṣó. Ó ní òun wá ràn wá lọ́wọ́ kí a lè mọ irú ènìyàn tí oníkálùkù wa jẹ́ àti bí a ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sínú gbọ̀ngàn, wọ́n pín tíì, wọ́n wá pín ìwé kan tí ogójì gbólóhùn wà nínú rẹ̀. Kí èèyàn ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kó fún ara rẹ̀ ní máàkì láti orí oókan dé orí márùn-ún.

"Kò sí ìdáhùn tó tọ̀nà, kò sí èyí tó kù díẹ̀ káàtó," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ kàn sọ bí ẹ ṣe rí."

Mo kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì kan na ọwọ́ sókè. "Ṣé ká máa yin ara wa ni, sà?"

"Rárá o, mà. Òtítọ́ lẹ máa kọ."

"Òtítọ́ wo? Tèmi àbí ti ìyá ọkọ mi?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín tirẹ̀ tán, ó wá ṣàlàyé pé àwọ̀ mẹ́rin ló wà. Pupa ni aṣáájú, yẹ́lò ni ọlọ́yàyà, búlúù ni ẹni tó fara balẹ̀ yẹ nǹkan wò, gíríìnì ni ẹni àlàáfíà tó ń tẹ̀lé ẹlòmíràn. Ẹnì kan láti yàrá wa nawọ́ sí mi: "Ẹ wá àwọ̀ karùn-ún fún tiwa yìí o, sà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹnì kankan." Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ààfáà ló jókòó tì mí. Mo ń wo ohun tó ń kọ, n ò sì tọrọ àforíjì fún ìyẹn, nítorí pé òun náà ò fi ìwé rẹ̀ pamọ́. Gbólóhùn kan ní, Mo máa ń darí àwọn ènìyàn dáadáa. Ó mi orí.

"Ìyàwó wa, àwọn tí mo darí ni wọn ì bá bi," ó wí, ó sì kọ eéjì.

Òmíràn ní, Mo mọ iṣẹ́ mi ju àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ. Ó kọ oókan. "Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi kọ irú rẹ̀ sílẹ̀? Ọlọ́run ló mọ̀ jù."

Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti kọ pé, Mo máa ń ṣe àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́, ó kọ márùn-ún wàràwàrà, bí ẹni tó rí èyí tó rọrùn. "Ọmọ aráyé wo ni kì í ṣàṣìṣe?"

Mo yíjú sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àwọn tó dàgbà ń kọ tiwọn. Ìyá tó ti gbẹ̀bí ìdajì àwọn tó ń rìn lójú títì wa fún ara rẹ̀ ní eéjì lórí, Mo nígboyà. Kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé ni wọ́n ṣe ń dáhùn. Ẹni tó bá dìde láàárín àwùjọ tó ní òun lòun mọ̀ ọ́n ṣe jù, àwọn èèyàn wa kì í sọ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n á ní kò rẹ́ni kọ́ ọ.

Èmi ńkọ́? Mo ti jókòó níwájú àwọn tó ń gbani síṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá tẹ orí ba níbẹ̀, ilé ni yóò gbà lọ. Mo kọ márùn-ún, mo kọ márùn-ún, mo kọ mẹ́rin níbì kan kó má bàa dà bí irọ́. Ìkẹtàlélógún ní, Mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tán kí n tó fèsì. Bí mo ṣe ń kà á lọ́wọ́ ni Ààfáà rọra tẹ̀ sí mi láti béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan.

"Ẹ dúró ná, Ààfáà," mo dá a lóhùn láìwo ojú rẹ̀. Mo sì kọ márùn-ún.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n lẹ èsì mọ́ pátákó nínú kọ́rídọ̀. Èmi: pupa, aṣáájú. Ààfáà: gíríìnì, ẹni tó yẹ kó máa tẹ̀lé ìlànà ẹlòmíràn, tó fẹ́ràn iṣẹ́ tí kì í yí padà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fún mi ní lẹ́tà ipò ọ̀gá. Inú mi dùn débi pé mo rán èèyàn lọ sí Sábó lọ ra súyà fún gbogbo yàrá. Ààfáà jẹ tirẹ̀, ó nu ọwọ́, ó ṣàdúrà fún mi. "Ọlọ́run á jẹ́ kó tù yín lára, Ọ̀gá." Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀ rárá. Ì bá wà níbẹ̀, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Mo wá ṣe ohun tí ìwé ìdánwò ní kí n ṣe. Gíríìnì fẹ́ràn iṣẹ́ tí kì í yí padà. Mo ní kí Ààfáà máa kọ nọ́ńbà sára fáìlì tuntun. Mo gba ìwé agboolé lọ́wọ́ rẹ̀, mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, wọ́n gbé aláboyún kan dé láti Ìkòyí-Ilé. Ó ti dákú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin nìkan ló tẹ̀ lé e. Dókítà ránṣẹ́ sí wa: àbúrò obìnrin yìí ní ó ti gbàtọ́jú níbí rí, oògùn kan sì wà tí ara rẹ̀ kì í gbà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà náà. Ó wà nínú fáìlì rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó gún un lábẹ́rẹ́, ẹ wá fáìlì náà jáde.

Mo tẹ orúkọ tí ọmọbìnrin náà sọ sínú kọ̀mpútà. Kò sí. Mo yí lẹ́tà inú rẹ̀ padà lọ́nà mẹ́ta. Kò sí. Mo ní bóyá ilé ìwòsàn mìíràn ni. Ọmọ náà búra pé ibí ni. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé.

"Ẹ̀yin ará ibí yìí, ṣé ẹ ti sùn lọ ni?"

Ó jáde, ó tún padà wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ìgbà yẹn, Ààfáà wà nídìí fèrèsé, fáìlì tuntun lọ́wọ́ kan, bírò lọ́wọ́ kejì. Kò kọ nǹkan kan, kò sì sọ nǹkan kan. Nígbà tí gbogbo ọ̀nà dí mọ́ mi, mo kọjú sí i.

"Ààfáà, ẹ gbà mí."

Ó gbé fáìlì sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ọmọbìnrin tó ń sunkún náà. "Ọmọ mi, ta ló mú ẹ̀gbọ́n ẹ wá nígbà yẹn?"

"Ìyá ọkọ rẹ̀ ni, sà."

"Ọmọ agboolé wo ni ìyá yẹn, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí?"

Ó sọ ọ́.

"Ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ààfáà na ọwọ́ sí mi. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́."

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ṣí ìwé, ó fi ìka tọ ojú ewé kan wálẹ̀, ó pe nọ́ńbà. Orúkọ ìtẹ̀bọmi kan, tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ nílé, ni ìyá ọkọ rẹ̀ fi kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ọmọbìnrin yẹn tó nu ojú rẹ̀ tán, fáìlì ti wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Obìnrin náà yè é, ọmọ inú rẹ̀ sì yè.

Nígbà tí ara rọlẹ̀, mo bi í. "Ààfáà, kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́ láti ìgbà yẹn?"

"Ẹ ò bi mí, Ọ̀gá. Nọ́ńbà lẹ ní kí n máa kọ."

Mo bínú sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé gbogbo ayé: mo ṣì ń bínú sí i díẹ̀ títí dòní. Ẹ̀mí ènìyàn tóbi ju ọ̀wọ̀ ipò lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́kàn mi, tèmi ń gorí tirẹ̀. Ta ló ti ìwé mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù? Ta ló kọ́ ọ pé bó bá lanu, "ẹ dúró ná" ni yóò gbọ́?

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn mo lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń fín igbá níbẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló jọ ń jókòó lábẹ́ àtíbàbà kan. Mo mú ìwé ìdánwò náà dání. Mo ka díẹ̀ nínú rẹ̀ fún wọn ní Yorùbá.

"Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá ní kí ẹ fún ara yín ní máàkì lórí igbá fífín, mélòó lẹ máa kọ?"

"Èmi? Kí ni mo mọ̀?" Kò gbé ojú kúrò lára igbá.

"Má dá a lóhùn," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Kò sẹ́ni tó mọ ilà wẹ́wẹ́ ún fà tó o ládùúgbò yìí. Márùn-ún ni. Ṣùgbọ́n tó bá di ká tètè parí iṣẹ́ kí oníṣẹ́ tó dé, oókan! Ìgbà kan, kó tó fín igbá ìyàwó kan tán, ìyàwó ti bímọ."

"Ìwọ tó jẹ́ pé o yára ńkọ́? Ẹja tó o fín sára igbá lánàá, àwọn oníbàárà ní ṣé aláǹgbá ni."

Wọ́n fún ara wọn ní máàkì báyìí títí tí igbá fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi nítorí ẹ̀rín. Kò sí irọ́ kan nínú gbogbo rẹ̀. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Ẹni tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ara rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ ẹnì kejì rẹ̀ dé orí bó ṣe ń di ọ̀bẹ mú. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi.

"Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, àbúrò mi. Ẹ̀yin alákọ̀wé ò gbọ́ ọ rí ni?"

Mo wá ka ìkẹtàlélógún fún un. "Ẹ fún èmi ní máàkì lórí èyí."

"Kí n sọ òtítọ́?"

"Ẹ sọ ọ́. Mo kàn fẹ́ kó yé yín pé lẹ́nu iṣẹ́, ó yàtọ̀, nítorí pé..."

"Oókan."

"Ẹ̀gbọ́n!"

"Ṣé mo ti parí ni? Mo ní oókan, kí n má bàa kọ òdo."

Nígbà tí mo padà dé Ògbómọ̀ṣọ́, mo kọ ìwé ẹ̀sùn. Mo kọ déètì sí i. Mo ní wọ́n sọ fún wa pé kò sí ìdáhùn tó tọ̀nà tàbí èyí tó kù díẹ̀ káàtó, wọ́n sì wá fi ìdáhùn wa yan ọ̀gá, ẹ̀tàn ni. Mo ní wọ́n bi àwọn àgbà ní ìbéèrè tó jẹ́ pé ìwà ọmọlúàbí wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n dáhùn, wọ́n sì ka ìwà yẹn sí àìlágbára. Mo ní kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Mo wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdáhùn tí èmi fúnra mi kọ sí ìkẹtàlélógún kì í ṣe òtítọ́. Ohun tí mo béèrè ni pé kí wọ́n kó ogójì gbólóhùn yẹn padà wá sí yàrá wa, kí oníkálùkù fi dáhùn nípa àwọn yòókù, láìkọ orúkọ.

Ọ̀gá dókítà kà á, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Madam, ṣé ẹ mọ̀ pé ara yín lẹ ń fẹjọ́ ẹ̀ sùn?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ipò yẹn ò wù yín mọ́ ni?"

"Ó wù mí, sà. Ìyẹn kọ́ ni mo kọ síbẹ̀."

Ó kùn, ó ní ọ̀rọ̀ mi kì í tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aláboyún Ìkòyí-Ilé ti dẹ́rù ba òun náà. Ó gbà.

Nínú yàrá tí a ti ń ka ìkọ̀wé dókítà láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fi ìkọ̀wé tirẹ̀ pamọ́. Nígbà tí ìwé tí wọ́n kọ nípa mi dé ọwọ́ mi, mo mọ ẹni tó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́rin kọ oókan tàbí eéjì sí ìkẹtàlélógún. Mo ti ń retí ìyẹn. Ti Ààfáà ló gbẹ̀yìn. Ó mú un lọ sílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó fún mi ní márùn-ún lórí òtítọ́ sísọ, márùn-ún lórí mímọ iṣẹ́, mẹ́rin níbi tí n ò rò ó sí. Ní ìkẹtàlélógún, kò kọ nǹkan kan. Ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Kò lè purọ́, kò sì fẹ́ dójú tì mí. Oókan tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi pa mí lẹ́rìn-ín. Àlàfo yẹn ni kò jẹ́ kí n lè jẹun.

Nípa tirẹ̀, àwa márààrún kọ márùn-ún lórí mímọ iṣẹ́ àti dídarí ènìyàn, bí ẹni pé a jọ sọ ọ́. Wọ́n fi í jọ̀gá. Mo dá lẹ́tà mi padà.

Mo sunkún, nínú ilé ìwẹ̀. Ọkọ mi gbọ́ ọ. "Ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ gbé e sílẹ̀, kí ló tún ń pa ọ́ lẹ́kún?"

"Pé mo fọwọ́ ara mi gbé e sílẹ̀ ò ní kó má dùn mí."

Ó ronú sí i. "Òótọ́ ni," ó wí, ó sì lọ gbé omi sórí iná fún mi.

Títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, ilé ìwòsàn náà kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan pé wọ́n ṣì í ṣe. Wọ́n ní àtúntò ni. Èsì àkọ́kọ́ ṣì wà lára pátákó, ó ti ń ṣá, èmi ni pupa níbẹ̀. Mo ti kọ̀wé lórí ìyẹn náà. Síbẹ̀ n ò lè sọ pé ìbéèrè yẹn burú. Ká ní ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tán, ǹ bá má bi ara mi láéláé. Àṣìṣe wọn wà nínú ẹni tí wọ́n ní kó dáhùn.

Ohun àkọ́kọ́ tí Ààfáà ṣe ní ipò ọ̀gá ni pé ó fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó ṣí ìwé agboolé lé orí tábìlì. "Ìyàwó wa, ẹ bá mi kó o sínú kọ̀mpútà." Òun ń kà, èmi ń tẹ̀. Agboolé kìíní gbà wá ní odidi àárọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó kà tí kò ní ìtàn. Nígbà tí a dé orí ìyá àgbà kan, ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ló máa ń mú àwọn ìyàwó ilé wá, àti pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí a ti máa béèrè orúkọ wọn.

"Kọ̀mpútà ò láyè fún irú ìyẹn, Ààfáà. Orúkọ, ọjọ́ orí, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, ó parí."

Ó gbé ojú sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó pàṣẹ.

"Ẹ wá àyè."

Mo wá a.